Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Aago márùn-ún ìdájí ku díẹ̀, yìnyín ń bọ́ lórí Pittsburgh.
Wọ́n lẹ ìwé mọ́ òpó ibùdókọ̀:
bọ́ọ̀sì mẹ́tàdínlọ́gọ́rin yóò sinmi láti oṣù kẹfà.
Sinmi.
Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé mi, mo fàlà sí i nídìí.
Ọ̀rọ̀ tí a fi ń bo òkú lójú ni.

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ̀ròyìn ọkọ̀ ìlú yìí.
Olóòtú mi ní ta ló ń kà á,
kí n lọ kọ nípa ilé oúnjẹ tuntun etí odò,
níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì kan ní dọ́là mẹ́rìnlá
lábẹ́ òrùlé tí bàbá mi ti yọ́ irin títí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi dúdú.
Mo ní mo gbọ́.
Mo wọ bọ́ọ̀sì.

Verna Tibbs ló ń wà á.
Ó mọ kòtò ojú ọ̀nà bí ahọ́n ṣe mọ àlàfo eyín.
"Ìbàdí mi ti daṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́," ló wí, ó bú sẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín náà ò pẹ́.
Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ ti ń yí padà, kò sí ilé ìtọ̀.
Wákàtí mẹ́rin ló fi ń pa á mọ́ra.
"Kọ ìyẹn náà."
Mo kọ ọ́.

Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni Purnima Adhikari ń jókòó sí,
tí wọ́n bí ságọ̀ọ́ àwọn asásálà ní Nepal,
tó ń lọ wẹ àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn:
bọ́ọ̀sì méjì lálọ, méjì lábọ̀.
Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti pẹ́ lóṣù yìí.
Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́tà ni.

Zdenka Hruška, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ń sọ àtẹ̀gùn òkè kalẹ̀, ọwọ́ kan lórí irin,
ọwọ́ kejì gbá àpò mọ́yà.
Lọ́jọ́ Ẹtì, abẹ́ ilé ìjọsìn ló ń lọ,
níbi tí àwọn àgbà obìnrin ti ń fìka di ẹnu pèrógì
tí wọ́n ń tà láti fi tún òrùlé ṣe.
Èdè ìyá wọn kò kù ju òǹkà lọ:
òun ni wọ́n fi ń ka dọ́sìnì.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lorne Gilfoyle, alága ìgbìmọ̀ ìlú,
fi ogójì ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ nípa ìfara-ẹni-rúbọ.
Ẹnu dùn-ún ròfọ́.
Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ń dán.
Aráàlú ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta.
Zdenka fi ọ̀kan wá awò ojú rẹ̀,
ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àtẹ̀gùn rẹ̀,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, lédè ìyá rẹ̀.
Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága wo aago.
Ó ka mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, iná pupa tàn, wọ́n pa gbohùngbohùn.
"Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ló wí, láìsí ẹ̀rọ,
"mi ò tíì dé ibùdókọ̀."

Márùn-ún sí mẹ́rin. Wọ́n pa bọ́ọ̀sì.
Wọ́n tẹ ìròyìn mi sábẹ́ àwòrán búrẹ́dì.

Láàárọ̀ Ẹtì, Verna dúró nídìí àtẹ̀gùn,
ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, òtútù wọlé tọ̀ wá.
Bàtà Zdenka la kọ́kọ́ rí, lókè réré.
Ìṣẹ́jú kan. Méjì. Mẹ́ta.
Mo ti ń to gbólóhùn ìparí lọ́kàn, nípa àánú,
nípa ohun tí ìṣirò ìjọba kò lè kà,
ni mo gbójú sókè tí mo rí Purnima
tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ìyá lè ráyè jókòó.